Deborah Franklin: Ìyàwó tó di ilé àti ọjà mú nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe òṣèlú lókè òkun

Ẹni tó bá ti mú owó dọ́là 100 lọ́wọ́ rí ti rí ojú Benjamin Franklin. Ọkùnrin tí irun rẹ̀ gùn dé ọrùn, tí iwájú orí rẹ̀ pá, tó ń wo èèyàn bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, òun gan-an ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ààrẹ Amẹ́ríkà ni nígbà kan, àmọ́ kò ṣe ààrẹ rí. Atẹ̀wé ni, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, òṣèlú ni, ó sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà lọ́dún 1776.

Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀? Deborah ni. Ọdún 44 ló fi jẹ́ aya ọkùnrin yìí. Nínú ọdún 17 tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, nǹkan bí ọdún 15 ni ọkọ rẹ̀ fi wà ní London, tí Deborah sì wà ní Philadelphia, tó ń bójú tó ilé, ọmọ, gbèsè, òwò àti orúkọ ọkọ.

Ìtàn ìgbésí ayé obìnrin náà rèé.

Ọmọkùnrin oníbúrẹ́dì

Nǹkan bí ọdún 1708 ni wọ́n bí Deborah Read. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kọ́lé ni John Read, bàbá rẹ̀. Sarah ni orúkọ ìyá rẹ̀. Àdúgbò Market Street nílùú Philadelphia ni ilé wọn wà. Lásìkò yẹn, kò tíì sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Amẹ́ríkà. Abẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Philadelphia àti gbogbo Pennsylvania wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1723, Deborah dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ló bá rí ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan tó ń kọjá lọ. Aṣọ ọmọkùnrin náà ti dọ̀tí. Àpò rẹ̀ wú gbẹ̀ǹdẹ̀ nítorí ṣẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀ tó kó síbẹ̀. Búrẹ́dì kan wà lábẹ́ apá rẹ̀ ọ̀tún, òmíràn wà lábẹ́ apá òsì, ó sì ń jẹ ẹ̀kẹta lọ lójú títì. Lójú Deborah, nǹkan ẹ̀rín pátápátá ni. Kò mọ̀ pé ọkọ òun ló ń kọjá lọ yẹn.

Benjamin Franklin sá kúrò ní Boston ni, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ atẹ̀wé kan ní Philadelphia, kò sì pẹ́ tó fi di ayálégbé nílé bàbá Deborah. Ibẹ̀ ni ojú àwọn méjèèjì ti ríra, tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sì wọ̀ ọ́.

Ọdún 1724 ni bàbá Deborah kú. Lọ́dún yẹn kan náà, gómìnà Pennsylvania, William Keith, ṣèlérí fún Franklin pé òun máa ràn án lọ́wọ́ láti dá ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀, pé kó lọ ra ẹ̀rọ ní London. Franklin fẹ́ kí wọ́n ṣègbéyàwó kó tó lọ. Ìyá Deborah ní rárá, kó lọ kó bọ̀ ná, ọmọdé ṣì ni àwọn méjèèjì.

Nígbà tí Franklin dé London, ó rí i pé ìlérí lásán ni gómìnà ṣe. Kò sí lẹ́tà, kò sí owó. Ó wá iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jayé orí ẹ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ sí Deborah, èyí tó fi sọ fún un pé òun ò ní tètè padà wálé. Kò kọ òmíràn mọ́.

Ọkọ àkọ́kọ́ sá lọ

Àwọn ẹbí Deborah kò lè máa wò ó níran. Wọ́n rọ̀ ọ́ pé kó gbàgbé ẹni tó ti gbàgbé rẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1725, ó fẹ́ amọ̀kòkò kan tó ń jẹ́ John Rogers. Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí ẹbí fi gbà á.

Àṣe ẹyin adìyẹ lásán ni, inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Rogers ná owó tí Deborah gbé wọlé, gbèsè gba gbogbo ọrùn rẹ̀, ìròyìn sì tún dé pé ó ní ìyàwó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó wá. Deborah kó ẹrù rẹ̀ padà sílé ìyá rẹ̀, kò sì jẹ́ orúkọ Rogers mọ́. Lọ́dún 1727, Rogers sá lọ sí àwọn erékùṣù West Indies. Wọ́n ní ó kú síbẹ̀ nínú ìjà, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.

Ẹ wo ipò tí ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 20 wà. Kì í ṣe wúńdíá, kì í ṣe opó, kì í sì í ṣe adélébọ̀.

Franklin ti padà dé láti ọdún 1726. Ó rí Deborah bó ṣe dákẹ́, tí kò bá èèyàn ṣeré mọ́, ọkàn rẹ̀ sì dá a lẹ́bi. Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ nígbà tó dàgbà, ó ka ohun tó ṣe fún Deborah mọ́ ara àwọn àṣìṣe ńlá tó ṣe láyé. Ojú atẹ̀wé ló fi wò ó: àṣìṣe tó wọnú ìwé, tó yẹ kéèyàn tún tẹ̀.

Ìgbéyàwó tí kò dé ṣọ́ọ̀ṣì

Ó wù wọ́n láti fẹ́ra, àmọ́ òfin dúró lójú ọ̀nà. Ní Pennsylvania ìgbà náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà láyé, ẹgba 39 ni wọ́n máa nà án, wọ́n á tún rán an lẹ́wọ̀n gbére. Bí Rogers bá yọjú lọ́jọ́ kan ńkọ́? Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tí Rogers jẹ ní gbèsè lè wá dì mọ́ ọkọ tuntun.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1730, wọ́n kó jọ bíi tọkọtaya, aráyé sì gbà bẹ́ẹ̀. Rogers kò yọjú mọ́ títí láé.

Nǹkan míì tún wà ńlẹ̀. Lásìkò yẹn gan-an ni Franklin gbé ọmọkùnrin jòjòló kan wọlé. William ni orúkọ rẹ̀, ìta ló ti bí i, kò sì fìgbà kan dárúkọ ìyá ọmọ náà fáráyé. Deborah ló tọ́ ọ dàgbà. Kò rọrùn o. Akọ̀wé kan tó gbé nílé wọn lọ́dún 1755 kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé Deborah máa ń sọ̀rọ̀ William bíi pé ọ̀tá ni. Ẹ fi orúkọ William yìí sọ́kàn, ó ṣì ń bọ̀ wá.

Ìyálọ́jà Market Street

Tí wọ́n bá ń sọ bí Franklin ṣe di olówó, ìwé ìròyìn Pennsylvania Gazette àti ìwé ọdọọdún Poor Richard's Almanack, èyí tó kún fún òwe àti ọ̀rọ̀ nípa òṣùpá, òjò àti ọ̀dá, ni wọ́n máa ń dárúkọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níwájú ilé ìtẹ̀wé náà, ṣọ́ọ̀bù kan wà, Deborah ló sì jókòó síbẹ̀.

Ó ń ta ìwé, bébà, yíǹkì, ọṣẹ tí àwọn ẹbí Franklin máa ń sè, kọfí, tíì àti aṣọ. Ìpara tí ìyá rẹ̀ ń ṣe fún ara yíyún náà wà lórí igbá. Ó ń ká ìwé tí wọ́n bá tẹ̀, ó ń rán wọn pọ̀. Ó ń ra àkísà aṣọ jọ, nítorí pé àkísà ni wọ́n fi ń ṣe bébà nígbà yẹn. Òun ló ń kọ ẹni tó san owó àti ẹni tó jẹ gbèsè sínú ìwé.

Deborah kò kàwé púpọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe dún létí rẹ̀ ló ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé ìyẹn á jẹ́ kí òun rí i rẹ́ jẹ nídìí owó ń tan ara rẹ̀ ni.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásìkò yẹn kò gbà kí abilékọ dá àdéhùn òwò ṣe lórúkọ ara rẹ̀. Ohun tí Franklin ṣe ni pé lọ́dún 1733 tó fẹ́ rìnrìn àjò, ó ṣe ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin, tó fún Deborah lágbára láti gba owó, láti san owó àti láti pe èèyàn lẹ́jọ́ lórúkọ òun. Ó tún ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1757. Ẹni tí kò bá fọkàn tán ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1737, wọ́n fi Franklin ṣe ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Philadelphia. Ilé wọn náà ló di pósítọ́fíìsì. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń bójú tó o tí ọ̀gá bá ti jáde? Deborah náà ni. Nígbà tó fi máa di ọdún 1748, owó ti wọlé débi pé Franklin fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 42, tó wá ráyè fún iṣẹ́ mànàmáná àti òṣèlú.

Ìtàn kan wà tí Franklin fúnra rẹ̀ máa ń sọ. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, abọ́ amọ̀ àti ṣíbí olówó pọ́ọ́kú ló fi ń jẹun àárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ló bá bá oúnjẹ rẹ̀ nínú abọ́ tánganran pẹ̀lú ṣíbí fàdákà. Sílè 23 ni Deborah fi rà á láìsọ fún un. Àlàyé tó ṣe kò ju pé ọkọ tòun náà tọ́ sí ohun tí ọkọ àwọn aládùúgbò ń lò.

Ikú Francis

Lóṣù Kẹwàá ọdún 1732 ni Deborah bí ọmọkùnrin kan, Francis. Franky ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ilé ló fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà náà, ọ̀nà kan ti wà tí wọ́n ń gbà dènà ṣànpọ̀nná. Wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ sí èèyàn lára, wọ́n á sì fi díẹ̀ lára oyún ẹni tó ní àìsàn náà sí i. Franklin gbà á gbọ́, ó tiẹ̀ ń polongo rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ọ̀rìn ń ṣe Francis, wọ́n ní kí ara rẹ̀ yá ná. Kí ara tó yá, ṣànpọ̀nná ti wọlé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1736, ọmọ náà kú lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Franklin kábàámọ̀ rẹ̀ títí tó fi kú.

Ó tó ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn kí Deborah tó tún bí ọmọ. Sarah ni wọ́n sọ ọ́, Sally ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1743 ni wọ́n bí i. Òun nìkan ni ọmọ inú Deborah tó dàgbà.

Òkun wà láàárín

Lọ́dún 1757, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Pennsylvania rán Franklin lọ sí London. Ẹjọ́ owó orí ló bá lọ: ìdílé Penn tó ni ilẹ̀ Pennsylvania kò fẹ́ kí wọ́n gba owó orí lórí ilẹ̀ àwọn. William tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ. Deborah ní òun ò lọ. Ẹ̀rù òkun ń bà á, kò sì fìgbà kan borí ẹ̀rù náà.

Ní London, Franklin wọ sí ilé opó kan tó ń jẹ́ Margaret Stevenson ní Craven Street. Ibẹ̀ wá dà bí ilé kejì fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní London, atẹ̀wé William Strahan, kọ̀wé sí Deborah pé kó tètè máa bọ̀ wá ṣọ́ ọkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn obìnrin London kò ní fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Deborah kò mira. Kò gun ọkọ̀ ojú omi.

Lẹ́tà ló wá di afárá láàárín wọn, lẹ́tà kan sì lè lo oṣù kan àtààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú omi. Deborah ń fi èso ápù, ìyẹ̀fun àgbàdo àti èso gbígbẹ ránṣẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lè tọ́ ilé wò. Franklin ń fi aṣọ, kápẹ́ẹ̀tì, abọ́ tánganran àti fàdákà ránṣẹ́ padà. Nígbà kan, ó rí jọ́ọ̀gì kan tó sanra, tó mọ́ tónítóní, tó sì fani mọ́ra, ó rà á nítorí pé ó rán an létí ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agogo náà wà níbẹ̀. Franklin ti ri irin mọ́ òrùlé ilé fún iṣẹ́ ìwádìí mànàmáná, ó so agogo mọ́ ọn, kó lè máa dún tí ìkùukùu tó ní iná nínú bá ń kọjá. Oyinbo onímọ̀ ti lọ sí London, agogo kò yé dún lórí Deborah. Nígbà tó kọ̀wé pé ẹ̀rù ń ba òun, èsì tó gbà lọ́dún 1758 ni bí wọ́n ṣe máa fi wáyà so agogo kan mọ́ èkejì kí iná lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Èsì náà wúlò. Àmọ́ ọkọ ṣì wà ní London.

Ọdún márùn-ún gbáko ló lò. Oṣù Kọkànlá ọdún 1762 ló tó padà dé.

Àwọn ẹrú inú ilé náà

A ò lè sọ ìtàn ilé yìí ká fo àwọn adúláwọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Franklin àti Deborah ní ẹrú, bíi ti ọ̀pọ̀ olówó Philadelphia ìgbà náà. Orúkọ Peter, Jemima, King, Othello àti George wà nínú àwọn ìwé wọn. Franklin àti William mú Peter àti King dání lọ sí London. King sá lọ, nígbà tí wọ́n sì fi máa gbúròó rẹ̀, ó ti wà lọ́dọ̀ obìnrin kan ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà.

Lọ́dún 1758, ẹgbẹ́ àánú àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ṣí ilé ìwé fún àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní Philadelphia. Lọ́dún 1759, Deborah lọ gbọ́ bí àwọn ọmọ náà ṣe ń dáhùn ìbéèrè nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọ̀wé sí Franklin pé òun máa fi Othello sílé ìwé náà. Kò sọ pé òun máa dá a sílẹ̀ o. Ìwé kíkà ni, kì í ṣe òmìnira. Ọdún 1787, tí Deborah ti kú tipẹ́, ni Franklin tó di ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń jà fún òpin òwò ẹrú ní Pennsylvania.

Obìnrin oníbọn

Lọ́dún 1763, tọkọtaya náà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé tiwọn sẹ́yìn Market Street. Kí ilé tó parí, wọ́n tún rán Franklin lọ sí London nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1764. Ó rò pé kò ní pẹ́ dé. Deborah ló dúró ti àwọn bíríkìlà àti káfíńtà, òun náà ló kó ẹrù wọlé lọ́dún 1765, tí Franklin ń ti London béèrè bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe rí.

Ọdún 1765 yẹn náà ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Òfin Òǹtẹ̀ jáde. Gbogbo ìwé ìròyìn, ìwé ilé ẹjọ́, ìwé àdéhùn, títí kan káàdì ayò, gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ìjọba, owó ni wọ́n sì ń fi ra òǹtẹ̀ náà. Inú bí àwọn èèyàn láti Boston dé gúúsù. Franklin ta ko òfin náà kó tó kọjá, àmọ́ nígbà tó kọjá tán, ó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Hughes pé kí wọ́n fi ṣe alábòójútó òǹtẹ̀ ní Pennsylvania. Bí ìròyìn ṣe gba ìlú kan nìyẹn pé Franklin ló wà nídìí ọ̀ràn náà.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ń sọ ọ́ kiri Philadelphia pé àwọn máa wó ilé Franklin palẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ bẹ Deborah pé kó sá. Ó rán Sally lọ sí New Jersey, níbi tí William ti di gómìnà. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀, kò kúrò. Ó ránṣẹ́ pe arákùnrin rẹ̀ àti mọ̀lẹ́bí kan pé kí wọ́n gbé ìbọn wá. Ó sọ yàrá kan di ibi ìkó-ohun-ìjà-sí, ó sì tò ó bí èèyàn ṣe lè gbèjà ara rẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ohun tó kọ sí ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé òun ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, nítorí náà òun ò ní torí ẹnikẹ́ni sá kúrò nílé òun.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ tó jẹ́ alátìlẹ́yìn Franklin jáde síta láti ṣọ́ àdúgbò. Àwọn jàǹdùkú kò lè wó ilé kankan. Nígbà tí wọ́n fagi lé òfin náà lọ́dún 1766, orúkọ Franklin tún dára padà. Bí ilé rẹ̀ ṣe ṣì wà ní ìdúró, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló wà.

Ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀

Sally fẹ́ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Richard Bache lóṣù Kẹwàá ọdún 1767. Bàbá ìyàwó kò sí níbẹ̀. Bache ní gbèsè lọ́rùn, Franklin kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ó ju ìpinnu sọ́wọ́ Deborah, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má náwó jù. Lọ́dún 1769, Sally bí ọmọkùnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Benjamin. Ọmọ-ọmọ yìí ló wá di ìtùnú ìyá àgbà. Lẹ́tà rẹ̀ sí London kò kún fún nǹkan míì mọ́.

Nígbà tí wọ́n fi máa bí ọmọ náà, Deborah kò gbádùn mọ́. Nígbà òtútù tó ṣáájú ìbí ọmọ náà, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Dókítà Thomas Bond kọ̀wé sí Franklin nípa rẹ̀. Ìrántí rẹ̀ já, ọ̀rọ̀ sísọ nira. Deborah fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀ pé ìrònú lórí bó ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn odi wà lára ohun tó dá òun wó. Franklin kò wálé. Ó kọ àwọn oògùn àti ìmọ̀ràn ránṣẹ́.

Lọ́dún 1771, owó tó ń ná kò bá ìwé ìṣirò mu mọ́, ló bá yáwó lọ́wọ́ àwọn ojúlùmọ̀. Franklin bá a wí nínú lẹ́tà. Obìnrin tó ka kọ́bọ̀ dé kọ́bọ̀ fún ọdún gbọọrọ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí òfin fi ìwé àṣẹ sí lọ́wọ́, ọkọ rẹ̀ ló wá ń dín owó rẹ̀ kù.

Lọ́dọọdún, Franklin ń kọ̀wé pé òun máa wálé lọ́dún tó ń bọ̀. Tí ọdún bá dé, ọ̀rọ̀ ìlú á tún dá a dúró. Ká sọ tòótọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí pé àwọn ìlú amúnisìn mélòó kan ló sọ ọ́ di aṣojú wọn. Àmọ́ ọdún mẹ́wàá ló fi ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà Deborah tó gbẹ̀yìn jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 1773. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1774, Franklin ń kọ̀wé béèrè ìdí tí òun ò fi gbúròó rẹ̀ mọ́. Deborah kò lè mú gègé mọ́ ni.

William ló sin ín

Ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1774 ni Deborah Franklin kú lẹ́yìn tí àrùn náà tún kọ lù ú. Ó ti tó ẹni ọdún 66.

William tí kì í ṣe ọmọ inú rẹ̀, tí òun àti rẹ̀ ti jọ ṣe gbódó-n-rọṣọ nígbà kan, ló sáré wá láti New Jersey. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ló kù kí wọ́n gbé òkú jáde nígbà tó dé. Òun ló dúró gẹ́gẹ́ bí ọmọ lẹ́yìn pósí. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀. Ó jẹ́ kó mọ̀ pé Deborah ti sọ fún òun pé bí Franklin kò bá wálé nígbà òtútù yẹn, òun ò rò pé àwọn máa fojú kan ara àwọn mọ́, àti pé àìwálé rẹ̀ ló ba ọkàn obìnrin náà jẹ́.

Lóṣù Kẹta ọdún 1775, Franklin wọkọ̀ kúrò ní London. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ló gúnlẹ̀ sí Philadelphia. Ogun òmìnira ti bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù tó ṣáájú. Ó wọ ilé tí Deborah kọ́ parí, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì sùn nínú rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ kan pé ojoojúmọ́ ni òun túbọ̀ ń mọ bí ohun tí òun pàdánù ṣe tóbi tó.

Lẹ́ẹ̀kan, nígbà èwe, Franklin lọ sí London, ó sì fi Deborah sílẹ̀. Ó pe ìyẹn ní àṣìṣe, ó sì tún un ṣe nípa fífẹ́ ẹ. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, kò ka àwọn yẹn mọ́ àṣìṣe nínú ìwé rẹ̀. Ìlú jèrè ọkọ, àmọ́ Deborah ló san owó rẹ̀.

Wọ́n wó ilé náà lọ́dún 1812. Lónìí, férémù irin kan ló dúró síbẹ̀, tó ń fi bí ilé náà ṣe rí han àwọn àlejò. Ibojì wọn ṣì wà ní itẹ́ òkú Christ Church. Franklin fi í sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó òun, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1790. Òkúta pẹlẹbẹ kan ló bo àwọn méjèèjì. Kò sí oyè kankan lórí rẹ̀, orúkọ Benjamin àti Deborah Franklin pẹ̀lú ọdún náà nìkan ni. Àwọn àlejò máa ń ju owó wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀ nítorí Franklin, orí orúkọ Deborah náà lowó ọ̀hún sì ń bọ́ sí.